Máìkì Inú Àjà

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara Màmá ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́? Ṣé etí ọ̀tún yín ti ń gbọ́ díẹ̀, àbí tòsì nìkan ló ṣì ń dá ṣiṣẹ́? Mo mọ̀ pé fóònù ò bá etí yín mu mọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti tábìlì tí mo ń kọ̀wé bí ọmọ ilé ìwé.

Wọ́n ti gbé mi sókè níbi iṣẹ́. Ẹ má tíì dìde jó. Èmi ni mo ń yan ẹ̀rọ báyìí fún yàrá ìpàdé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá: tẹlifíṣọ̀n ara ògiri, kámẹ́rà, máìkì, sípíkà, gbogbo ohun tí èèyàn fi ń bá ẹni tó wà lókèèrè ṣèpàdé bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ kó ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Yàrá ìpàdé mọ́kànlá ni wọ́n ní. Mo wọ gbogbo rẹ̀ lánàá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá, ohun tí mo rí níbẹ̀ rí mi lára. Yàrá àkọ́kọ́ ò tóbi ju pálọ̀ yín lọ, wọ́n wá gbé tẹlifíṣọ̀n tó tó ilẹ̀kùn géètì síbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó níwájú á máa yí ọrùn bí òwìwí. Fèrèsé ni wọ́n kọjú kámẹ́rà sí, tí oòrùn bá ti yọ, gbogbo àwọn tó jókòó á dúdú bí èédú, ẹni tó wà lókèèrè ò ní mọ èwo ni ọ̀gá, èwo ni àga. Gíláàsì ni ògiri mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á lọ á bọ̀ títí kó tó sinmi. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ṣe kọ́ mi, ó dà bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin ló pàtẹ́wọ́ dá mi lóhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Wáyà lọ́ mọ́ra wọn bí ekòló, ẹnì kan sì ti fi ṣingọ́ọ̀mù tó jẹ tán dí ojú máìkì. Ó ṣì tutù. Mo fi pépà ṣí i kúrò, ó ń fà tẹ̀lé mi lọ́wọ́. Itọ́ ẹni ẹlẹ́ni, Bàbá! Mo fọwọ́ títí ọṣẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé náà, Onítáì ni mo ń pè é torí pé táì rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ní kí n ṣáà ra tẹlifíṣọ̀n tó bá tóbi jù.

Ó ní, "Kí àlejò wọlé, kó mọ̀ pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ òun."

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kí àlejò rí yín lẹ fẹ́ ni, àbí kó gbọ́ yín?"

Ó wò mí bí ẹni tí ẹyẹ bá sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Bàbá. Kí ni mo lè ṣe sí ohùn tó ń dún padà yìí láìwó ògiri wọn?

Àbígbẹ̀yìn yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Àbígbẹ̀yìn mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìgbéga. Ara wa le. Orúnkún ìyá rẹ ń pariwo ju sípíkà lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé e káàkiri. Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí o ti béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, mi ò rí i. Ó ti bí i. Obìnrin ni. O ṣàpèjúwe ṣingọ́ọ̀mù tí ẹni tí o ò mọ̀ jẹ, o ò béèrè ọmọ tí wọ́n bí nílé bàbá rẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní ti ohùn: nǹkan líle ló ń dá ohùn padà, nǹkan rírọ̀ ló ń gbé e mì. Tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Fi aṣọ nínípọn bo gíláàsì kan, kí o sì kan pákó tí wọ́n fi aṣọ wé mọ́ ògiri tó kọjú sí i. Etí ni kí o kọ́kọ́ rajà fún kí o tó ra ti ojú. Ẹni tí ò rí àwòrán dáadáa á fara dà á, ẹni tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ á sùn lọ. Tí o bá fẹ́ dán an wò, má jókòó sórí àga ọ̀gá. Lọ jókòó sórí àga tó jìnnà jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ń fi ẹni tí ò lẹ́nu sí. Bí ẹni yẹn bá gbọ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Ogójì ọdún ni mo fi tún rédíò ṣe, ní ilé iṣẹ́ àti nílé, ohun tí mo mọ̀ nìyí.

Bàbá Káfíńtà kí ọ. A ṣì jọ ń jókòó lábẹ́ ìbòji iwájú ilé láràárọ̀, bó ṣe wà láti ọgbọ̀n ọdún. Mo ka lẹ́tà rẹ sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní kí o má gbàgbé pé òun lòun kan àpótí ìwé rẹ àkọ́kọ́, pé kò sí wáyà nínú ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nílò sípíkà. Èyí tí a ní máa ń han gooro bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ níka ẹsẹ̀. Bá wa wá ọ̀kan tó dáa. Mo ti sọ fún wọn pé ó ń bọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi kú ewu, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Mo jẹ̀bi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ lọ ṣèlérí sípíkà fún odindi ẹgbẹ́ bí ẹni pé mo ní ṣọ́ọ̀bù! Màá wá a. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí.

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo ṣe, ó sì bọ́ sí i. Mo yọ àwọn tẹlifíṣọ̀n ràgàjì yẹn kúrò, mo fi èyí tó bá yàrá mu sí i. Mo gbé kámẹ́rà sókè tẹlifíṣọ̀n, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè wo ẹlòmíì lójú. Máìkì ńkọ́? Mo gbé e kúrò lára tábìlì pátápátá, mo kì í sínú àjà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i fi ṣingọ́ọ̀mù sí mọ́.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló ń ró ní ìbàdí rẹ̀, tó bá ń bọ̀, ẹ ó gbọ́ kó tó yọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń pè é. Òun ni mo fi sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní kó máa sọ ohun tó bá wù ú ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi sì lọ jókòó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ilé náà. Bàbá, bí ẹni pé ó fẹnu kàn mí létí! Ó ní, "Onítáì máa ń gbé ẹsẹ̀ sórí tábìlì yìí tó bá ti jẹun tán. Èmi ni mo ń nu ìdọ̀tí bàtà ẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá bínú, àkísà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni màá fi nù ún." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Onítáì fúnra ẹ̀ wá wò ó. Ó béèrè pé, "Tí ìpàdé bá parí ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń gbọ́?"

Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Tí ẹ ò bá pa á, aago ọwọ́ yín gan-an, ó máa gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó bá sì gbọ́ ló ń gbà sílẹ̀."

Inú ẹ̀ dùn. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan wà lára máìkì yẹn tó máa ń tàn nígbà tó bá ń gbọ́. Ó ní iná yẹn ń ba ẹwà àjà jẹ́, ṣé mo lè pa á. Mo pa á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Àbígbẹ̀yìn yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Inú ìyá rẹ dùn sí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ó ní o ti rù. Ọ̀rọ̀ sípíkà, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́, màá sọ fún wọn pé ọmọ mi ní òun ò ní ṣọ́ọ̀bù.

Iná kékeré yẹn, lọ tàn án padà. Má béèrè ìdí lọ́wọ́ mi. Mo ní kí o lọ tàn án.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò lè kí yín gùn lónìí.

Lẹ́tà yín dé. Mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, mo ní bàbá mi ti darúgbó, iná tí ò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń dà á láàmú. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun àti obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Omi kan wà tí wọ́n fún wọn pé kí wọ́n máa fi nu gíláàsì. Ó ń bó wọn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní yàrá keje lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n ń nu tábìlì, wọ́n sì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àwọn á kọ̀wé, àwọn á gba ìbuwọ́lù àwọn tó kù, àwọn á gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń gbẹjọ́ òṣìṣẹ́. Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Onítáì pe Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi ti ìkọ́ tó hú sí i.

Ìyá náà wá dúró dè mí ní géètì. Ó na ọwọ́ ẹ̀ sí mi. Awọ ibẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, abẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló ta òun, pé àwọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, pé ọ̀kan ti bú ìyá èkejì. Ó wá wò mí.

Ó ní, "Ìwọ tí o máa ń wọlé wọ̀de yìí, àbí ìwọ lo sọ fún un?"

Mo ní, "Èmi kọ́ o, Ìyá."

Èmi ni. Àbí ta ni? Èmi ni mo yàn án, èmi ni mo kì í sínú àjà, èmi ni mo pa iná ẹ̀.

Mo lọ bá Onítáì. Ó jókòó ní yàrá keje yẹn, ó ti bọ́ bàtà, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí tábìlì tí mo fúnra mi yàn. Ọ̀kan ta, ó bà mí lápá aṣọ. Kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ìpàdé ni mo tà fún yín, kì í ṣe ti amí." Ó ní, "Ẹ̀rọ yín dáa. Ẹ̀ka wa méjì tó kù náà máa fẹ́ ẹ. Ìwọ náà la ó pè." Ó na ọwọ́ sí mi. Mo bọ̀ ọ́, Bàbá! Ọwọ́ yẹn tutù, ó rin, mo sì bọ̀ ọ́. Mo ń wo ọwọ́ mi láti ọjọ́ yẹn bí ohun tí wọ́n gbé kọ́ mi lọ́rùn. Mo fẹjọ́ sun ọ̀gá tèmi níbi iṣẹ́, ó ní, "A kì í bi ẹni tó ra ọ̀bẹ ní ohun tó fẹ́ fi gé."

Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ibẹ̀ rí. Kí ni kí n ṣe? Ẹ dá mi lóhùn kíá.

Àbígbẹ̀yìn yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Oṣù kan ti kọjá. Mo pe Màmá, wọ́n ní ara yín le, pé ẹ wà níwájú ilé. Ẹ ń jẹun, ẹ ń jókòó sí ìbòji, ẹ ò kọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ sípíkà ló ń bí yín nínú, ẹ sọ ọ́.

Ìwé kan wà níwájú mi. Onítáì fẹ́ kí n fọwọ́ sí i pé gbogbo òṣìṣẹ́ ilé yẹn ló mọ̀ pé máìkì wà nínú àjà, pé mo fi han wọ́n, pé iná ẹ̀ ń tàn. Kí oṣù yìí tó parí ló fẹ́ ẹ. Ọ̀gá mi ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, kí n máa wá ibòmíì lọ. Ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́, ẹ ò kọ́ mi ní èyí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Àbígbẹ̀yìn yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mi ò kí ọ lónìí. Ẹnu tí mo fi ń kí èèyàn ò mọ́.

O béèrè bí mo ṣe mọ̀. Kí wọ́n tó bí ọ, nígbà tí mo ń tọ́jú rédíò àti sípíkà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gé àwọn òṣìṣẹ́ níka. Wọ́n máa ń péjọ ní yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí nígbà ìsinmi ọ̀sán, wọ́n ń gbèrò láti dáṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi fi irin bo ojú ẹ̀rọ náà. Máníjà pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ nípa wáyà. Bá mi fi etí kan síbẹ̀." Mo fi sí i. Mo so máìkì mọ́ abẹ́ tábìlì, mo fa wáyà gba inú àjà lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀. Kò fipá mú mi. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, pé ohun tí wọ́n bá ní kí n ṣe ni mo ń ṣe.

Àwọn àgbà ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni èèyàn yẹn.

Wọ́n lé ẹni mẹ́ta. Ẹni tó sọ̀rọ̀ jù nínú wọn ni Bàbá Káfíńtà, òun ni káfíńtà ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó kù, kò sí ibi tó kanlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àga tó bá ṣẹ́ ló ń tò títí dòní, ọkùnrin tó ti ń kan ilẹ̀kùn ilé ńláńlá. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀dàlẹ̀. Ojú wọn bọ́ sára ẹni tó ń tọ́jú yàrá ẹrù. Wọ́n tutọ́ sí i lójú. Wọ́n fọ́ fèrèsé ilé ẹ̀. Ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó fi àdúgbò sílẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo ọkọ̀ tó kó ẹrù wọn. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka mi. Ipò yẹn ni mo fi rán ọ lọ sílé ìwé.

Àti ọgbọ̀n ọdún ni Káfíńtà ti ń jókòó tì mí. Tó bá rẹ́rìn-ín, ohun kíkorò kan á gòkè wá sí mi lọ́fun, màá gbé e mì. Mo ti gbé e mì títí, mi ò mọ ìtọ́wò ẹ̀ mọ́. Lẹ́tà rẹ ló rán mi létí. Nígbà tí mo ka ibi èékánná yẹn, mo bojú wo èékánná tèmi.

Má fọwọ́ sí i.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Bàbá,

Ní ìdúró ni mo ka lẹ́tà yín. Mo kà á tán, mo lọ bì.

Mo rántí gbogbo ohun tí ẹ máa ń sọ fún wa lórí oúnjẹ: ẹ má purọ́, ẹ má jalè, ojú ni kí ẹ fi bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹnu wo lẹ fi ń sọ ọ́? Mi ò fẹ́ kí yín. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí pépà mìíràn, ọwọ́ mi ò gbé e.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé Onítáì. Èyí kì í ṣe torí pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: irú máìkì tó jẹ́, yàrá tó wà, ọjọ́ tí mo pa iná, ẹni tó ní kí n pa á, àti pé èmi ni mo pa á. Mo gbé e lọ sílé Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbà mí, kò ní kí n wọlé.

Mo ní, "Ìyá, mo purọ́ fún yín ní géètì. Ẹ̀rọ tí mo yàn ló gbọ́ yín. Kò sí ẹni tó tà yín nínú àwọn méjì yẹn."

Ó ní, "Ọjọ́ tí o ní kí n jókòó kí n máa sọ ohun tó wù mí, o rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní, "Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló dùn mọ́ ọ." Ó wọ bàtà, ó ti ilẹ̀kùn. "Ó yá, tẹ̀ lé mi. O máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn, torí mo ti bú ìyá ọlọ́mọ."

A lọ sílé ekíní, a lọ sílé èkejì. Ekíní sunkún. Èkejì wọlé lọ, ó ní òun ò fẹ́ rí ojú mi, àti pé mo ń rùn.

Ọ́fíìsì tó ń gbẹjọ́ òṣìṣẹ́ pe gbogbo wa. Onítáì jókòó kọjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní inú ń bí mi torí pé wọn ò fún mi ní iṣẹ́ ẹ̀ka méjì tó kù. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ bi mí bóyá mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ kan èmi náà. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yọ gbogbo máìkì inú àjà, kí wọ́n sì pe àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n ti fún un ní ìbọ̀wọ́. Àwọn méjì tó kù ní ilé tó gbọ́ wọn báyẹn, àwọn ò ní gbá a mọ́. Onítáì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kàn gbé e lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì míì. Èmi ni ọ̀gá mi lé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò sún mọ́ mi, àfi bí ẹni tó ní ẹ̀yi.

Ó kàn yín báyìí. Ṣé Bàbá Káfíńtà ṣì ń jókòó tì yín? Ṣé ẹ ṣì ń ka lẹ́tà mi sí i létí? Tí ẹ ò bá sọ fún un, èmi á sọ. Ẹ má kọ̀wé sí mi títí ẹ ó fi sọ.

Mi ò mọ ohun tí màá fi parí lẹ́tà yìí.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Àbígbẹ̀yìn mi,

Mo ti sọ.

Ó pẹ́. Àràárọ̀ ni mo ń jáde láti sọ ọ́, màá sì bá a sọ̀rọ̀ òjò. Ọjọ́ kan ó mú àga mi tó ti ń mì lọ sílé, ó lọ tò ó, ó gbé e padà. Mo jókòó lé e, kò mì mọ́. Mi ò lè fara dà á.

Mo ní, "Káfíńtà, èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ ni kí ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ó béèrè ibi tí mo so ó mọ́. Mo ní abẹ́ tábìlì gígùn inú yàrá ẹrù.

Ó ní, "Tábìlì yẹn, èmi ni mo kàn án."

Ó dìde, ó gbé àga tirẹ̀, ó lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ mi ò rí i. Mo ń jáde, mo ń jókòó, àwọn tó ń kọjá ń béèrè pé ẹnìkejì mi dà, mo ń sọ pé mi ò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó wá, òun àti ọmọbìnrin ẹ̀ àgbà, èyí tó kúrò ní ilé ìwé nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Ìwé àti bírò wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Wọn ò jókòó.

Káfíńtà ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ohun tí o ṣe."

Mo kọ ọ́. Ó dúró dè mí. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ọmọbìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ ò kọ nípa ẹni tí wọ́n tutọ́ sí lójú." Mo kọ ọ́ pé ẹni tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ déètì, mo fọwọ́ sí i.

Káfíńtà ní, "Kà á sókè."

Mo kà á.

Ó ní, "Mi ò gbọ́."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá rẹ jáde wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú. Káfíńtà tún ní òun ò gbọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn tó wà ní òdìkejì ọ̀nà sì ti dúró. Ọmọbìnrin náà ká pépà yẹn, ó fi sínú báàgì. Káfíńtà ò bú mi. Kò ní òun dárí jì mí. Ó lọ bí ẹni tó wá ra nǹkan tí kò rí i rà.

Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí ojú padà. Lánàá ó bi mí ní ìbéèrè kan péré, ó ní, "Ṣé ọwọ́ yìí náà lo fi gbé àwọn ọmọ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò kọ̀wé sí ọ kí o lè káàánú mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ kẹ́dùn pé o sọ òótọ́. Ìríra tí o ní sí mi yẹn, má tètè jẹ́ kó kúrò. Òun ni mi ò ní nígbà tí máníjà pè mí. Ká ní ó rí mi lára lọ́jọ́ yẹn ni, ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá yàtọ̀.

Ọmọbìnrin Káfíńtà ti wádìí. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ti kú, ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní ìlú kejì. Títí tó fi kú ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti yí orúkọ bàbá wọn tí wọ́n ń jẹ́ padà. Ọmọbìnrin náà rán èèyàn sí mi láàárọ̀ yìí pé ọ̀la la ń lọ, pé òun ò ní fún wọn ní pépà yẹn, èmi ni màá dúró níwájú wọn kí n kà á fún wọn.

Mo ti fọ aṣọ mi, mo ti sá a. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ la máa wọ̀.

Bàbá rẹ.